Abẹ́rẹ́ àti àgbo lẹ́yìn àjálù: iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Kòríà

Ẹ káalẹ́ o. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni ìṣègùn ìbílẹ̀ Kòríà lásìkò àjálù. Kí n tètè mú ohun kan kúrò lọ́nà: bí ilé bá wó lu èèyàn, tí egungun ṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, oníṣẹ́ abẹ la ó wá, kì í ṣe alágbo. Àwọn ará Kòríà náà kò jiyàn èyí. Ọ̀rọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí áńbúláǹsì bá ti lọ tán.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2014, ọkọ̀ ojú omi Sewol rì nítòsí erékùṣù Jindo ní Gúúsù Kòríà. Èèyàn 476 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó bá a lọ jẹ́ 304, 250 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Danwon ní ìlú Ansan. Àwọn òbí tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ní Jindo, wọ́n ń dúró de òkú ọmọ wọn, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí oorun kò kùn, tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun lọ, ẹ̀yìn á máa dùn ún, àyà á máa já a, orí á máa fọ́ ọ. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó tó gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kò sì sí èyí tó ṣeé pa tì. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tó yọ̀ǹda ara wọn ti ríṣẹ́ ṣe.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò kò ní oògùn nínú. Ó tín-ín-rín bí irun. Àpò kan gba ohun èlò iṣẹ́ òòjọ́, kò sì sí pé à ń wá iná mànàmáná. Wọ́n tún máa ń fi ife fa ara, bí àwọn tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ nílé wa. Wọ́n ní ewé kan tí wọ́n ń sun sí ojú ara pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ni yóò da èéfín bo gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́?

Èyí tó wù mí jù ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí etí. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2019, iná jó igbó àti ilé ní Goseong, ní ìpínlẹ̀ Gangwon, afẹ́fẹ́ sì gbé e dé Sokcho. Àwọn oníṣègùn tó lọ síbẹ̀ gún àwọn tó sá àsálà ní abẹ́rẹ́ létí. Ọgbọ́n yìí kò ti Kòríà wá o: ilé ìwòsàn Lincoln ní Bronx, New York, ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ láàárín 1970 sí 1979 fún àwọn tí oògùn olóró ti dì mú. Ojú márùn-ún ni wọ́n ń gún ní etí kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn kò bọ́ aṣọ, kò dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè jókòó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ jóná kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn fà á. Ìwádìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣòro níbẹ̀, torí ta ló fẹ́ pín àwọn tí àjálù bá sí ọ̀nà méjì, kó tọ́jú apá kan, kó máa wo apá kejì níran?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1596, nígbà tí ogun Japan ti tú ìlú ká, Seonjo, ọba Kòríà, ní kí Heo Jun, oníṣègùn ààfin, kó ìmọ̀ ìṣègùn jọ sínú ìwé. Ogun tún dé ní 1597, iṣẹ́ dúró. Ọdún 1610 ló tó parí. Ìwé náà, Dongui Bogam, jẹ́ ìdìpọ̀ 25. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ewé ilẹ̀ wọn sí i bí ará oko ṣe ń pè wọ́n, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò ká oògùn Ṣáínà lè já ewé tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé ló ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn Jindo fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀; òfin ni. Láti 1951 ni òfin ìṣègùn Gúúsù Kòríà ti fún wọn ní ìwé àṣẹ tiwọn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní yunifásítì, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tó lè ké sí wọn lọ́jọ́ ìṣòro.

Síbẹ̀, ìwé àṣẹ ọ̀hún kò dé ibi gbogbo. Nígbà tí Kòrónà bo ìlú Daegu ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn dókítà ìṣègùn òyìnbó ni ìjọba fi ìtọ́jú lé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá ṣí ibùdó tẹlifóònù sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Daegu Haany ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta. Aláìsàn á pè, oníṣègùn á bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọn á fi àgbo ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn sí i, ó sì ń kọ mí lóminú: ahọ́n aláìsàn àti bí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lù ni wọ́n fi ń mọ àrùn, báwo ni tẹlifóònù ṣe fẹ́ sọ ìyẹn?

Ìjà tún dé lórí àyẹ̀wò Kòrónà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn kò jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń forúkọ ẹni tí Kòrónà mú sílẹ̀. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní Seoul sì dá wọn láre ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí àjàkálẹ̀ náà ti rọlẹ̀.