Ìkòkò kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tí ò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lórí oúnjẹ sísè lọ́jọ́ Sátidé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, òun náà rèé.

Ọmọ tó ń gbé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n wọ yunifásítì LAUTECH ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá gbé, bàbá bíi méjì náà sì wá tí ìyàwó wọn ń ṣiṣẹ́ nílùú míì. Mo bi wọ́n pé kí ló ń bà yín lẹ́rù ní kíṣìnnì, wọ́n ní oúnjẹ á jóná, iyọ̀ á pọ̀ jù, àlejò á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹni tó ń se ìrẹsì lónìí, tó ń ro ẹ̀fọ́ lọ́la, tó tún fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín lọ́tùn-únla, ẹ̀rù ò lè kúrò lára ẹ̀ bọ̀rọ̀, torí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ mú oúnjẹ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí òmíì.

Níbí tiwa, ọkà, ìyẹn àmàlà, ni mo ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣebí wọ́n máa ń kì wá pé Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ o, kẹ́ ẹ wá bu díẹ̀ sápá kan nínú ife, omi yẹn ló máa gbà yín. Ẹ dín iná kù, ẹ da èlùbọ́ tẹ́ ẹ ti jọ̀ sí i, ẹ fi ọmọorogùn rò ó lójú ẹsẹ̀, kókó tẹ́ ẹ bá rí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kó fọ́ nígbà tó ṣì gbóná, torí tó bá ti tutù kò ní gbọ́ mọ́. Ẹ wọ́n omi inú ife yẹn sí i, ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú 3, kẹ́ ẹ tún un rò. Ẹ fi imú gbọ́ ọ: tí òórùn èlùbọ́ tútù bá ṣì ń jáde, kò tíì jinná.

Ọkà tí mo kọ́kọ́ rò, kókó ló kún inú ẹ̀. Màmá mi ṣa kókó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, wọ́n jẹ ìyókù, wọ́n ní, “Ìwọ náà lo máa rò ó lọ́la.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ títí dòní.

Ata ní tiẹ̀, etí lẹ máa fi sè é. Ẹ kọ́kọ́ se ata lílọ̀ kí omi ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó dà á sépo, torí ata tómi ò tán lára ẹ̀ máa ń kan. Tómi bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ariwo, á máa ta sókè; tó bá ti dín, ariwo á rọlẹ̀, epo á léfòó. Iyọ̀, ẹ fi díẹ̀ sí i, ẹ tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ rántí pé iyọ̀ wà nínú Maggi náà. Tó bá pọ̀ jù, ẹ fi ata tí ò níyọ̀ kún un.

Èyí ṣe pàtàkì gan-an, ẹ jọ̀ọ́: tí epo bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má da omi sí i láéláé! Omi á wọ abẹ́ epo, á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé epo oníná yẹn sókè sí yín lójú.

Bàbá kan bèèrè ohun tóun máa rà. Mo ní ìkòkò tó nípọn kan, ọmọorogùn, àti ọ̀bẹ tó mú, torí ọ̀bẹ tí ò mú máa ń yọ̀ lára àlùbọ́sà bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n ra ọmọorogùn ní Tákìé lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fi fọ́tò ọkà wọn ránṣẹ́ sí mi, kókó ṣì wà lápá kan. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ tún un rò lọ́jọ́bọ̀.”