Hagfish Kì í Ṣe Aràn: Ipò Rẹ̀ Láàárín Àwọn Ẹja Aláìlágbọ̀n

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Bí a bá la ẹnu àrọ̀ tàbí epìyà, a ó rí àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí ó fi ń gbá oúnjẹ mú. Àwọn ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ní irú rẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì péré ni ó ṣẹ́kù láyé nínú wọn: lamprey, tí oríṣi rẹ̀ tó nǹkan bí 40, àti hagfish, tí tirẹ̀ tó nǹkan bí 80.

Àwọn méjèèjì gùn bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ejò. Wọn kò ní ìpẹ́, ihò imú wọn kò ju ẹyọ kan lọ, eegun rírọ̀ bí ti etí wa ni ó sì gbé ara wọn ró. Irú ohun tí èékánná wa jẹ́ náà ni eyín wọn jẹ́. Lamprey a máa lo ọdún bíi mélòó kan nínú ẹrẹ̀ odò nígbà tí ó wà ní ọmọdé, tí yóò máa sẹ́ oúnjẹ lára omi. Bí àwọn mìíràn nínú wọn bá dàgbà, wọn a lẹ ẹnu mọ́ ara ẹja kí wọ́n lè mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Hagfish kì í kúrò nínú òkun ní tirẹ̀. Bí ọ̀tá bá gbá a mú, ohun tí ó ń tú jáde láti ara rẹ̀ yóò sọ omi di yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, yóò sì dí ibi tí ọ̀tá náà fi ń mí. Lẹ́yìn náà, hagfish yóò ta ara rẹ̀ ní kókó, yóò sì fi kókó náà nu ara rẹ̀ mọ́.

Ní 1758, Linnaeus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó pín àwọn ẹ̀dá sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ka hagfish mọ́ aràn. Ní 1806, Duméril, ọmọ ilẹ̀ Faransé, so ó pọ̀ mọ́ lamprey, ó sì pe àwọn méjèèjì ní ẹlẹ́nu róbótó. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ kan tún tú wọn ká. Wọ́n ní lamprey ní àwọn ègé eegun rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ẹ̀yìn rẹ̀, hagfish kò sì ní, nítorí náà lamprey súnmọ́ àwa tí a ní àgbọ̀n ju hagfish lọ, àti pé kò yẹ kí a ka hagfish mọ́ àwọn ẹranko tí ó ní eegun ẹ̀yìn rárá. Lójú tèmi, ibi tí àlàyé yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ohun tí ẹ̀dá kan kò ní lónìí lè jẹ́ ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní, tí ó sì sọnù lọ́nà.

Ìwádìí 2010 fi hàn pé àwọn microRNA kan, ìyẹn àwọn ohun kéékèèké inú ara tí ń darí iṣẹ́ àwọn àbùdá, wà tí lamprey àti hagfish nìkan jọ ní, èyí tí ó túbọ̀ so wọ́n pọ̀ bí ìbátan. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Japan, tí wọ́n ti rí ọlẹ̀ inú ẹyin hagfish yẹ̀ wò, ohun tí ó ṣòro gidigidi láti rí, kéde pé irú ègé eegun rírọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní apá ìrù rẹ̀. Ní 2016 ni a tún gbọ́ nípa àwọn hagfish tí ó ti di òkúta ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọ̀ dúdú tí ń ran ojú lọ́wọ́ láti ríran ṣì wà nínú ojú wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́ nínú ojú hagfish òde òní, tí awọ bò mọ́lẹ̀ nínú àwọn kan: àpẹẹrẹ ohun tí ó sọnù lọ́nà nìyẹn.