Lẹ́tà ńlá kọ́ ni heading o!

Ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀. Kubwa l'Abuja níbí náà la wà, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Bá a ṣe máa to pẹ́ẹ̀jì kí ẹni tí kò ríran lè fi screen reader, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, lò ó la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ ti mọ HTML, mi ò ní wá máa ṣàlàyé kí ni tag.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo ṣe sáìtì kan fún ọlọ́jà kan ní Wuse, ó rẹwà, èmi gan-an ń wò ó ń rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá kan wà ládùúgbò wa, wọn ò ríran, NVDA ni screen reader tí wọ́n ń lò, ọ̀fẹ́ ni, Michael Curran ará Australia tí òun náà ò ríran ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006. Mo ní kí wọ́n bá mi yẹ sáìtì wò. Wọ́n tẹ H, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń fò látorí heading (àkọlé) kan sí òmíì. Ohùn inú kọ̀ǹpútà ní "no next heading". Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. "No next heading". Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ìwé òfìfo lo gbé wá ni?"

Ojú tì mí! Kí ni mo ṣe? Mo kọ "Price list" gàdàgbà, font 32, mo kùn ún dúdú, àmọ́ inú p, tag ìpínrọ̀ lásán, ni mo kọ ọ́ sí. Screen reader ò wo bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, tag ló ń wò. P lo kọ, p ló rí. LẸ́TÀ ŃLÁ KỌ́ NI HEADING! Ẹ jọ̀ọ́, LẸ́TÀ ŃLÁ KỌ́ NI HEADING!

Ẹ wo kọndọ́ ọkọ̀ Mararaba. "Nyanya! Kugbo! AYA! Berger!" Ẹni tó ń sùn gan-an mọ ibi tó máa bọ́ọ́lẹ̀ sí. Ká ní kọndọ́ panu mọ́ ńkọ́, ṣé kòtò lo fẹ́ máa kà títí dé Berger? (Ọ̀kan gbé mi kọjá AYA rí, inú ẹ̀ ṣì ń bí mi.) Bí sáìtì tí kò ní heading ṣe rí nìyẹn, èèyàn á máa gbọ́ menu, á gbọ́ ìpolówó, á tún gbọ́ menu míì, kó tó kan iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì tó bá wá.

Wàyí o, ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í, ẹ sún mọ́bí. H1 ẹyọ kan fún orúkọ pẹ́ẹ̀jì, h2 fún àwọn orí ọ̀rọ̀, h3 fún ohun tó wà lábẹ́ h2. Ẹ wá ní "h2 yìí ti tóbi jù, jẹ́ n fi h4 síbẹ̀". Háà! Ta ló ní sáìsì ni nọ́ńbà yẹn? Ipò ni! Bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Tẹ́ ẹ bá fò látorí h2 bọ́ sí h4, ẹni tó ń tẹ́tí á máa wá ọmọ tó sọnù láàárín, torí ó lè tẹ 2 kó gbọ́ àwọn h2 nìkan, kó tẹ 3 kó gbọ́ h3. Tó bá tóbi jù, CSS ni kẹ́ ẹ fi dín in kù. CSS!

Ìyókù ò le. Nav, main, footer, ẹ lò wọ́n, bọ́tìnnì D ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ohun tí wọ́n á tẹ̀, button ni, kì í ṣe div tẹ́ ẹ kùn láwọ̀. Lang náà, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ èdè tí wọ́n fi kọ pẹ́ẹ̀jì, ẹ wò ó dáadáa: template tí mo gbà nígbà kan ní "fr" nínú, bí sáìtì Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ará Cotonou nìyẹn.

Mo tún sáìtì ọlọ́jà yẹn ṣe, mo gbé e padà lọ bá bùọ̀dá. Wọ́n tẹ H. "Price list, heading level 2". Mo ti ń yan kiri inú pálọ̀ wọn. Wọ́n tẹ G tó ń wá àwòrán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ó dáa. Kí wá ni IMG_2047?"

Mo ti gbàgbé alt, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán.