Ta Ni Onídùúró Rẹ?

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ kú òtútù. Mákùn ni mo wà, ní Ṣágámù, nínú yàrá tí mo lò títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Tí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ti aládùúgbò wa ni. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, kí n padà wá tó bá parí. Ẹ bá mi fara dà á.

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́. Màmá tó ń ta obì ní ìkòríta, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi, ọmọkùnrin tó gẹ irun mi: "Ṣé òyìnbó yẹn ló ṣe pépà fún ẹ?" Ìyàwó mi kì í ṣe òyìnbó o. Aláwọ̀ dúdú bíi tèmi ni, Georgia ní Amẹ́ríkà ni ìdílé rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bi mí gan-an ni pé, ṣé ìfẹ́ ni àbí ìwé tí màá fi máa gbé Amẹ́ríkà?

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé méjèèjì ni. Wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tó jalè.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n fún mi ní fisa F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, mo fi dá wọn lójú pé tí mo bá kàwé tán, màá padà sílé. Òótọ́ ni mo sì sọ nígbà yẹn. Wákàtí ogún lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà wá láàyè láti ṣiṣẹ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, nínú ọgbà yunifásítì náà ni. Tó o bá kàwé yege, wọ́n lè fún ẹ ní ọdún kan kó o fi ṣiṣẹ́ tó bá ohun tó o kà mu; àwọn onísáyẹ́ǹsì a máa rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, di ẹrù ẹ. Ti àwọn tó lọ lẹ́yìn wa tilẹ̀ le ju tiwa lọ: ní oṣù Keje ọdún 2025, fisa olóṣù mẹ́ta, àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Nàìjíríà lọ. Ẹni tó bá wá kí ìyá rẹ̀ nílé, àfi kó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ́ḿbásì.

Ọkùnrin tó wà nípò yẹn, tó ń fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tó wá ní òun kò rí i pé ìwé wà nínú ọ̀rọ̀ náà, irọ́ ló ń pa. Òfin wọn pàápàá kò ní kó o má rí i. Ohun tí òfin ń bi yín ni pé, lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ìgbéyàwó, ṣé ẹ ní in lọ́kàn láti jọ gbé bíi tọkọtaya? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwé tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ti àwọn tó ń sanwó fún àjèjì kó lè bá wọn fọwọ́ sí i ní kóòtù, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, owó ìtanràn rẹ̀ lè dé $250,000, bó o bá sì tún padà rí ìyàwó gidi lọ́jọ́ iwájú, ìwé tí ìyàwó gidi náà bá kọ fún ẹ kò ní wọlé mọ́. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ onídùúró ló wà lọ́kàn mi lónìí.

Níbí, tí ọkùnrin bá fẹ́ gbé ìyàwó, ìdílé ọkọ ló ń fi ara hàn. Àwọn ló ń gbé iṣu, oyin, orógbó àti owó orí kalẹ̀. Àwọn ló ń dọ̀bálẹ̀. Alága ìjókòó á ní ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kò wọ òun lójú, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fowó sí i. Nínú gbogbo ẹ̀fẹ̀ yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: a ó tọ́jú ọmọ yín. Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, àmọ́ ní tèmi, ìhà ìyàwó ni wọ́n ní kó wá sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù kan ni, I-864 ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń mú àjèjì wọlé á fọwọ́ sí i pé ẹni yìí kò ní di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Owó tó ń wọlé fún un sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n ìṣẹ́ tí ìjọba ń gbé jáde lọ́dọọdún. Lọ́dún 2024 tí àwa kọ tiwa, fún ìdílé ẹlẹ́ni méjì, $25,550 ni.

Tìyàwó mi kò tó o. Òun náà ń kàwé lọ́wọ́, ààbọ̀ ọjọ́ ló fi ń bá wọn tọ́jú ọmọ níléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan. Owó iṣẹ́ láíbúrì tèmi, ẹ má jẹ́ ká dárúkọ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, $1,440 ni wọ́n gbà lórí fọ́ọ̀mù I-485 nìkan, èyí tí mo fi béèrè ìwé ìgbélùú, $675 lórí I-130 tí ìyàwó mi fi kọ̀wé nítorí mi, dókítà tó yẹ̀ mí wò gba tiẹ̀ lọ́tọ̀, lọ́yà gba tiẹ̀. Òfin gbà pé kí ẹlòmíràn bá yín dúró tí owó yín kò bá tó. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló ní kí á lọ bá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú ni, èèyàn tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ́ńkù ni gbogbo wa ń pè é.

Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sídìí tábìlì ní kíṣìnì, ó ti kó ìwé owó orí tó ń san fún ìjọba àti ìwé láti ibi iṣẹ́ sínú páálí bàtà kan, ó wá wọ awò. Mo rò pé yóò kàn fọwọ́ sí ibi tí lọ́yà fi pẹ́ńsù sàmì sí. Rárá o. Gbogbo ojú ewé ló kà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó wá bi mí pé títí di ìgbà wo. Mo ní títí màá fi di ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí tí mo bá ti ṣiṣẹ́ tó bí ọdún mẹ́wàá tí ìjọba kà sí mi lọ́rùn, tàbí tí mo bá kó kúrò pátápátá, tàbí tí mo bá kú. Ó ní, tí ẹ bá wá kọ ara yín sílẹ̀ ńkọ́? Mo ní ìkọ̀sílẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ó wojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà, kò gbé ojú sókè. Ọ́ńkù dìde, ó ní òun fẹ́ lọ sún ọkọ̀ òun kúrò lẹ́nu géètì aládùúgbò. A gbọ́ ìró ọkọ̀. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó wọlé, kò jókòó mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí ẹnì kan bu oúnjẹ wá.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí táìlì kíṣìnì yẹn. Ọ́ńkù fò sẹ́yìn, ó rò pé gìrì ló gbé mi.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń gbọ́ mi, ó wọ̀ mí lára. Ọmọ ẹni tó ń dúró fún èèyàn ni mí. Bàbá mi ti dúró fún èèyàn nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ti dúró fún èèyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti san gbèsè tí kì í ṣe tiẹ̀. Èmi àkọ́bí rẹ̀ ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wá ń fọwọ́ sí ìwé lé lórí pé ebi kò ní pa. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù, ó ní, "Èló ni ó gbà?" Mo ní kò gba kọ́bọ̀. Ó ní irọ́ ni, kí n lọ wádìí dáadáa.

Àsìkò tí wọ́n ń yẹ ìwé wò yẹn ló ń dán ìgbéyàwó wò, ju íntáfíù tí wọ́n ń pe tọkọtaya sí lọ. O kò gbọ́dọ̀ jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ ìrìnnà lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Tó o bá jáde, wọ́n á kà á pé o ti pa ìwé ẹ tì. Ìnáwó ń ṣẹlẹ̀ nílé, fóònù ni mo fi ń wò ó. Nínú ilé wa, mo kàn ṣàdédé di ọmọlúàbí àpọ́nlé. Tí ìyàwó mi bá ní kí n da ìdọ̀tí nù, mo ti dà á nù. Tó bá ní owó iná pọ̀, mo ti pa iná. Kò fìgbà kankan fi ìwé halẹ̀ mọ́ mi, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá sọ ni mò ń gbọ́ ìwé nínú rẹ̀. Ọkùnrin Rẹ́mọ tí kì í jiyàn! Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó bi mí bóyá ẹ̀rù òun ń bà mí ni. Ó ní ayálégbé kọ́ ni òun fẹ́. Ìjà tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi ju oyin lọ, nítorí a jà á délẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí ni pé kí ẹ dárúkọ ìwé náà sókè láàárín ara yín. Kí ẹ sì mọ èyí: tí ọkọ tàbí aya rẹ bá ń lù ẹ́, tàbí tó ń fìyà jẹ ẹ́, tó sọ ìwé di pàṣán, òfin wà tó gbà ẹ́ láàyè láti kọ̀wé fúnra rẹ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. VAWA ni wọ́n ń pè é. Ti obìnrin nìkan kọ́ o, ọkùnrin náà lè lò ó.

Ọ̀rọ̀ míràn tí àwa Yorùbá máa ń gbàgbé: ìdáná. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun kò gbéyàwó rí. Lọ́yà rẹ̀ bi í bóyá ó ti ṣe ìdáná rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn kò dé kóòtù, ọmọbìnrin náà sì ti fẹ́ ẹlòmíràn. Lọ́yà ju bírò sílẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó bófin mu ní Nàìjíríà, ìgbéyàwó ni lójú Amẹ́ríkà. Bí kò bá tú èyí àkọ́kọ́ ká, èkejì kò dúró. Kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bá a tú u ká nílé níbí kí ó tó lè ṣe ìgbéyàwó lọ́hùn-ún. Ọpẹ́lọpẹ́ lọ́yà tó bi í.

Íntáfíù tiwa kò gùn. Obìnrin tó gbà wá ń ṣí álíbọ́ọ̀mù wa, ó dúró lórí fọ́tò kan, ó ní kí ni a dì sínú ewé yìí. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀: ẹbiripo ni, kókò ni a máa ń rin, a máa ń fi iyọ̀ sí i, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú fírísà la lò nítorí pé ewé eéran kò sí ládùúgbò wa, ìyá ọkọ òun ló sì ń darí òun lórí WhatsApp, tó ń pariwo pé òun ti bu omi jù. Obìnrin náà gbọ́ ọ parí. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní, ẹ fún mi ní ìwé báńkì tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rẹ̀.

Káàdì ìgbélùú ọlọ́dún méjì, green card, ni wọ́n fún mi, nítorí ìgbéyàwó wa kò tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú. Láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ó tó kú, àwa méjèèjì á jọ kọ̀wé I-751 pé a ṣì wà pa pọ̀. Káàdì yẹn ni mo fi padà wálé yìí, bàbá mi sì ní òun kò mọ kóòtù Amẹ́ríkà, àfi kí á ṣe ìdáná.

Ìyàwó kò ní ìdílé ní Rẹ́mọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìpẹru, ló ní òun ni bàbá rẹ̀. Mo rò pé eré ni. Lọ́jọ́ ìdáná, Bàbá Ìpẹru tú ẹrù wa palẹ̀, ó ka iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí ọ̀kan tó ti ń jẹrà nídìí. Ó ní kí wọ́n dá ètò dúró. Àbúrò mi gun ọ̀kadà lọ sọ́jà pẹ̀lú fìlà àti agbádá láti lọ ra iṣu míràn wá, alága ń kọrin fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi bi mí ní etí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní bàbá ẹ kò fẹ́ kí á rẹ́ ẹ jẹ.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, Bàbá Ìpẹru pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ta ló dúró fún ọmọ yìí lọ́hùn-ún?" Mo ní èmi ni wọ́n dúró fún, sà. Mo sọ ti Ọ́ńkù. Wọ́n ní ṣé mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ní kíṣìnì. Wọ́n ní ti kíṣìnì kò tó, kí ọkùnrin náà wá sílé kí gbogbo ìdílé lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pe Ọ́ńkù lánàá. Kò ní ìwé ìrìnnà, kò jáde ní Amẹ́ríkà rí láyé rẹ̀. Ó ní òun ti wo ohun tí Nàìjíríà ń béèrè fún fisa, wọ́n ní kí ẹnì kan tó wà nílé kọ̀wé pè òun, kí onítọ̀hún sì gbà pé ọrùn rẹ̀ ni ẹrù òun wà títí òun á fi padà. Ó ní ta ni yóò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún òun? Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ń wá bírò láti àná, wọ́n sì ní kí n bi í bóyá páálí bàtà yẹn ṣì wà, kó kó ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀ wá, àwọn náà fẹ́ kà á.