Ta Ló Yọ Wọ́n Kúrò Nínú Bíbélì?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé Constantine, ọba Róòmù, kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú Nicaea lọ́dún 325, wọ́n dìbò, wọ́n sì kó àwọn ìhìnrere tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà kan tó ní Ọmọ kò bá Baba dọ́gba, ló gbé wọn débẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe Àjíǹde. Òfin 20 ni wọ́n fi sílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó to orúkọ àwọn ìwé Bíbélì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó wo Rhossus, ìlú kan létí òkun Síríà. Ní nǹkan bí ọdún 200, Ìhìnrere Pétérù, ìwé kan tí kò sí nínú Bíbélì wa, dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀. Serapion, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, lọ bẹ̀ wọ́n wò. Kò tíì ka ìwé náà. Ó ní bó bá jẹ́ torí ìwé yìí nìkan ni wọ́n ṣe ń jà, kí wọ́n máa kà á. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé ẹ̀kọ́ mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó yá ìwé ọ̀hún lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, ó kà á, ó sì kọ lẹ́tà pé púpọ̀ nínú rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nǹkan kún un. Ó to àwọn àfikún náà fún wọn. Eusebius, òpìtàn ìjọ àtijọ́, ló bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún Serapion: ó jókòó ka ìwé náà kó tó kọ̀ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1886, wọ́n rí apá kan ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ìhìnrere Pétérù yìí ni, nínú ibojì kan ní Akhmim, Íjíbítì. Nínú rẹ̀, Olúwa dákẹ́ lórí àgbélébùú bí ẹni tí kò jẹ̀rora. Lóru Àjíǹde, ọkùnrin méjì tí orí wọn kan ọ̀run mú ẹnìkẹta dání jáde láti inú ibojì, orí tirẹ̀ ga kọjá ọ̀run, àgbélébùú sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ohùn kan bèèrè láti òkè pé ṣé o ti wàásù fún àwọn tó sùn. Àgbélébùú ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni!

Bí wọ́n ṣe ń yẹ àwọn ìwé wò nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, níjọ kan sí òmíràn. Ọdún 367 ni ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun tó fara hàn pé pérépéré nínú lẹ́tà Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà. Ìhìnrere Tómásì, tí àwọn àgbẹ̀ hú jáde nítòsí Nag Hammadi lọ́dún 1945, kò sí nínú wọn. Ọ̀rọ̀ Jésù 114 ló wà nínú rẹ̀, láìsí ìtàn ikú tàbí àjíǹde.

Ìwé Énọ́kù, ìwé àtijọ́ àwọn Júù, ńkọ́? Ẹ ṣí Júdà ẹsẹ 14, ẹ ó rí i pé ó fa ọ̀rọ̀ Énọ́kù yọ. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ìjọ yọ ọ́, ẹ bi í pé ìjọ wo. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Etiópíà kò yọ ọ́ rí. Èdè Ge'ez wọn, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi ń jọ́sìn níbẹ̀, nìkan ló pa odindi rẹ̀ mọ́, ó sì wà lára ìwé 81 tí wọ́n ń kà gẹ́gẹ́ bí Bíbélì títí dòní.