Ẹkún Kì Í Ba Ọpẹ́ Jẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Òṣogbo, bí wọ́n bá bi wá pé "Ṣé dáadáa ni?", èsì ti wà lẹ́nu: "A dúpẹ́." Ọpẹ́ yẹn dára. Àmọ́ nígbà mìíràn, ìdérí ni. Ìrora wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kò tíì sọ fún Ọlọ́run rí. 1 Tẹsalóníkà 5:18 ní ká máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Kò ní ká pe ibi ní ire.

Ẹ ṣí Orin Dáfídì 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú ẹsẹ 3 àti 4. Ẹsẹ 5 ló tó wá sọ pé, "Ṣùgbọ́n èmi ó gbẹ́kẹ̀ lé àánú rẹ." Ẹ kíyè sí "ṣùgbọ́n" yẹn o: ọ̀tá tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹsẹ 2 ṣì wà níbi tó wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé ẹsẹ 5 la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu á máa dúpẹ́, inú á máa bá Ọlọ́run ṣọ̀tá ní kọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìyá tó ń ta tòmátì lọ́jà Ìgbóǹnà. Ó tú apẹ̀rẹ̀ tó dé láti òkè ọya, ti òkè nìkan ló le. Ìsàlẹ̀ ti rà, omi rẹ̀ ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Owó àjọ ló sì fi rà á. Kó tó sọ pé "ó lè burú jù báyìí lọ", kó kọ́kọ́ sọ iye tó wọlẹ̀ fún Ọlọ́run, kó dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gba owó. Kó wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan pàtó: oníbàárà tí yóò kó èyí tó rọ̀ lọ sebẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn èyí ni "ṣùgbọ́n" tirẹ̀ máa tó nítumọ̀.

Àwọn kan ò tíì lè sọ ọ́. Orin Dáfídì 88 wà fún irú wọn: òkùnkùn ló fi parí, kò sí ọpẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ àdúrà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá fa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ dìde pé kó wá jó. Ọjọ́ 7 àti òru 7 làwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ bá a pọnmi, ẹ fọ abọ́, ẹ lọ mú ọmọ rẹ̀ wálé láti ilé ìwé.

Bí ọpẹ́ bá wá dé, ẹ má jẹ́ kó sùn. Léfítíkù 7:15 ní ọjọ́ tí wọ́n bá rú ẹbọ ọpẹ́ ni kí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀ tán, kò gbọ̀dọ̀ di òwúrọ̀. Ìdílé kan kò lè dá odidi ẹran jẹ lọ́jọ́ kan; àfi kí wọ́n ké sí aládùúgbò. Ó dùn mí pé tiwa ń dúró de aṣọ ẹbí, kánópì àti owó èlé, títí ayọ̀ náà á fi tutù. Ìkòkò ìrẹsì kan tó ojúlé mẹ́ta. Bí ọmọ bá kúrò ní ọsibítù lónìí, ẹ gbé e kaná lónìí.