Ẹ Sọ Ọ́ fún Ọmọ Náà Fúnra Ẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ADHD ni mo gbé dé lónìí, ìyẹn kí ọpọlọ èèyàn máa jẹ́ kó ṣòro fún un láti pọkàn pọ̀, láti jókòó jẹ́ẹ́ tàbí láti kó ara ẹ̀ níjàánu. Ẹni tó bá ti ń wá ibi tó máa tẹ̀ láti pa á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún 15, níbí ní London. Bí wọ́n ṣe dúró de àyẹ̀wò NHS, ìyẹn ìtọ́jú ìlera ìjọba, tó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé pé ó ní ADHD ni mò ń sọ. Màmá ẹ̀ ń kà á sókè, dádì ẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀, àbúrò dádì ẹ̀ wà lórí WhatsApp láti Ìbàdàn ó ń gbàdúrà, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àfi bí ọmọ yìí ṣe yọ láti kíṣìnì, abọ́ cornflakes lọ́wọ́, ó ní, "Gbogbo yín lẹ mọ nǹkan tó ń ṣe mí, èmi nìkan ni kò sẹ́ni tó sọ fún."

Yorùbá ló fi sọ ọ́ o! Ọmọ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ní "báwo ni", "I'm good" ló máa dá yín lóhùn! Háà, ẹ̀rín ń pa mí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mílíìkì ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, màmá ẹ̀ tó máa ń pariwo nítorí kápẹ́ẹ̀tì yẹn kò tiẹ̀ rí i.

Ó dùn mí dénú eegun. Láti praímárì ni wọ́n ti ń pe ọmọ yìí ní alápámáṣiṣẹ́. Ó mọ homework yẹn, ó fẹ́ ṣe é, kò kàn lè bẹ̀rẹ̀ ni, bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo kún inú ẹ̀ tẹ́ ẹ ń fà á tí kò gbà.

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé, "Àǹtí, àìsàn òyìnbó nìyẹn, pàṣán la fi ń wo irú ẹ̀ nílé." Pàṣán wo? Ẹ rántí ọmọ kíláàsì yín tó gbọ́n gan-an, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń nà lójoojúmọ́ torí ó gbàgbé bíró, ó sọ ìwé nù, ó dáhùn kí wọ́n tó pè é. Ṣé ẹgba yẹn wo ó sàn? Àwọn obìnrin tó ń wo ojú fèrèsé lẹ́yìn kíláàsì ńkọ́, tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí torí wọn ò pariwo? Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá jù, ó máa ń rìn nínú ẹbí. Lọ́dún 2007 àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ya fọ́tò ọpọlọ àwọn ọmọ tó ní in, wọ́n rí i pé ọ̀nà kan náà ni ọpọlọ wọn ń tọ̀ bó ṣe ń dàgbà, ó kàn ń pẹ́ tó bí ọdún 3, pàápàá níwájú orí tá a fi ń ronú ohun tá a fẹ́ ṣe tá a fi ń kó ara wa níjàánu. Ẹ wá fẹ́ fi pàṣán lé ọdún 3 bá?

"Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ fún un, á máa fi ṣe àwáwí." Rárá o! Ọmọ tí kò mọ nǹkan tó ń ṣe é ló máa ń purọ́ pé òun ti ṣe homework, torí kò ní ọ̀rọ̀ míì tó lè sọ. Nígbà tí àwọn hacker gbé ìwé ìtọ́jú Simone Biles, eléré gymnastics ará Amẹ́ríkà yẹn, síta lọ́dún 2016, ó ní bẹ́ẹ̀ ni o, òun ní ADHD, òun ti ń lo oògùn láti kékeré, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣé àwáwí nìyẹn?

Nǹkan tí wọ́n máa ń ní ká fi ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, álààmù, kí wọ́n gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n bi í, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé álààmù fóònù ò wúlò, tóun bá ti gbé e láti pa á, TikTok ló kù. Ó ní kí dádì òun kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ tiwọn, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Dádì jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀ (iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún bàbá Yorùbá!), ọmọ bẹ̀rẹ̀ maths.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n máa lọ rí dókítà lórí oògùn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló nílò ẹ̀, èmi ò sì ní dá sí i, torí ó ti kọ ìbéèrè tiẹ̀ sínú fóònù. Èyí àkọ́kọ́ ni pé ṣé ó máa ṣàkóbá fún bọ́ọ̀lù òun. Tí mo bá gbọ́ ìdáhùn, tó bá sì gbà kí n sọ ọ́, màá sọ fún yín.